Aboyún Tí A Kò Kí

Ọlẹ̀ sọ nínú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣùgbọ́n ife tíì ọwọ́ Àbúrò ni ó dànù.

Àkókò ìsinmi àárọ̀ ni, nínú yàrá àwa olùkọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, olùkọ́ kíláàsì kẹta, jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Ara rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn oyún rẹ̀ fi dà bí ìgbà tí ènìyàn fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní, "Yéè! Ó tún ta mí nípàá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo ń wo òdìkejì tábìlì. Àbúrò, olùkọ́ kíláàsì kìíní, ti di ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ mú. Tíì ti ń ṣàn lọ sórí ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ọmọ tí wọ́n pè síwájú kíláàsì tí kò rántí ohun tó fẹ́ sọ.

"Àbúrò," ni Baba Ìṣirò wí, òun nìkan ni ọkùnrin láàrin wa, "ṣé ìwọ náà ti lóyún ni, tí ọwọ́ rẹ ò fi gbé ife mọ́?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Baba," ni Àbúrò dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì.

Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa, èmi nìkan ni mo mọ̀. Ikùn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí páálí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín, mo ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé Ìlà. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ, n kì í sì í lè ṣí ojú ìwé tuntun láìjẹ́ pé ti àtijọ́ ti yé ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Ilé ẹ̀kọ́ wa kéré: kíláàsì mẹ́fà, olùkọ́ mẹ́fà, Ọ̀gá kan. Ní ọdún kan tó ti pẹ́, olùkọ́ mẹ́ta gba ìsinmi ìbímọ nínú táàmù kan ṣoṣo. Kíláàsì mẹ́ta wá di ti ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ó kọ́ wọn lórin, ó kọ́ wọn bí a ṣe ń ti géètì, ìmọ̀ tirẹ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí fárígá, Ọ̀gá mú bébà, ó pè mí, èmi náà sì bá a fi rúlà fa ìlà sí i. A kọ orúkọ àwọn obìnrin tó ṣì lè bímọ láàrin wa síbẹ̀, ẹnì kan fún ọdún kan, a pè é ní Ìlà, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ṣọ́ọ̀kì sí. Ọ̀gá ní, "N ò ní kẹ́ ẹ má bímọ o. Ẹ ṣáà má bí i pa pọ̀."

Àwàdà ni a kọ́kọ́ fi ṣe. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú ọdún ẹ̀kọ́, a ó gbé àga onítìmùtìmù fún ẹni tó kàn. A ó tò, a ó máa kí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé oyún ti wà níbẹ̀: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni wàá sọ̀." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní gbé àga mọ́, kò ní dúró pẹ́ nínú oòrùn, a ó sì máa béèrè àlàáfíà rẹ̀ ní àràárọ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ara gbọ́. Fún ọdún mọ́kànlá, bí olùkọ́ kan ṣe ń lọ tí orúkọ ẹni tuntun ń bọ́ sí ìsàlẹ̀ bébà, kò sí ẹni tó jókòó sórí àga yẹn tí kò lóyún kí táàmù tó parí. Kò sì sí ẹni tó lóyún láìjẹ́ pé ó kàn án, àfi lẹ́ẹ̀mejì péré. Àbúrò ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, oyún méjèèjì sì wálẹ̀. A sunkún pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà láti bi bébà ní ìbéèrè. Ohun tó bá ń rọni lọ́rùn, a kì í tú u wò.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kàn. Ọdún kẹwàá rẹ̀ nílé ọkọ nìyẹn, kò sì tíì bí rí. A kí i dáadáa. Ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dáhùn kíkí wa. Ó ku ọdún méjì kó tó kan Àbúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Àbúrò fà mí wọ yàrá tí a ń kó ìwé àtijọ́ sí. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti dé. Wọ́n ní oṣù méjì ààbọ̀ ni."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má jẹ́ kí èyí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi ti ní kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́ díẹ̀díẹ̀, pé ìyàwó tuntun tí ọmọ òun máa fẹ́ á nílò àyè."

Ẹ wá gbọ́ ìmọ̀ràn tí èmi àgbà gbà á. Mo ní, "Pa á mọ́ra. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọdún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyí, má bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Jẹ́ kó bí tirẹ̀ ná." Mo rò pé ọgbọ́n ni. Ẹ kọ àṣìṣe yẹn sílẹ̀, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Àbúrò pa á mọ́ra. Ó ń bì sínú kòtò ìdọ̀tí ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ó ń fi omi fọ ẹnu, ó ń padà wọ kíláàsì pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣọ́ọ̀kì ló ń wù ú jẹ. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń rún un kẹ́kẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bá a wí, ó ní òun ò lè ṣe é tì.

Lójijì, ní oṣù kẹrin, èébì náà dá. Ṣọ́ọ̀kì ò wù ú mọ́. Mo yọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni ọmọ kíláàsì kẹta kan wá bá mi, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ṣọ́ọ̀kì mìíràn. Anti ti jẹ tiwa tán."

Mo lọ síbẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró níwájú pátákó, ètè rẹ̀ funfun báláú. Títí di ọjọ́ náà, kò bì rí, nǹkan kan kò sì wù ú jẹ rí. Ikùn rẹ̀ kàn ń ga ni. A ń sọ pé oyún ọlọ́lá ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀yìn bá ń ro Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ara á tu Àbúrò. Nígbà tí ẹsẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wú, bàtà Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú lọ. Nígbà tí tíì wá dànù lọ́jọ́ tí mo sọ, mo gba àyè lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo sì bá Àbúrò lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà ni ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó wo káàdì, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Lóṣù tó kọjá, ó kù díẹ̀ kó dé ìdodo," ló wí. "Lónìí, ó ti sọ̀kalẹ̀ ní ìka mẹ́ta. Oyún kì í rìn sẹ́yìn." Ó gbé ohun ìgbọ́ ọkàn lé e. Ó pẹ́ gan-an níbẹ̀. Nígbà tó gbé etí kúrò, ó rọra sọ fún mi pé, "Mò ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni pé inú yàrá kejì ló wà."

Ó ní kí Àbúrò lọ wọ bàtà rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ta ló mọ̀ nípa oyún yìí?"

"Èmi, òun, àti ọkọ rẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò kí i? Ẹnikẹ́ni ò dìde fún un?"

"Rárá o."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbẹ̀bí. Ìbẹ̀rù máa ń ran oyún. Ìdánìkanwà máa ń ràn án. Mo ti rí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá, tí ikùn rẹ̀ ga, tí omi ọyàn ń jáde, tí kò sì sí nǹkan kan nínú ilé ọmọ, torí pé gbogbo ẹbí ló ń retí. Ara máa ń gbọ́ràn sí àwọn èèyàn lẹ́nu, ju bí olúwa rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí," ó fi ìka kan káàdì, "èyí ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi."

Gbogbo ọ̀nà tí a ń bọ̀ nílé ni mo ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ikùn tó ga, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àwa márààrún ń kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní àràárọ̀, à ń gbé àga, à ń ṣe pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó ń kí Àbúrò, torí pé èmi ni mo ní kí wọ́n má mọ̀. Àbí ọmọ náà ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń pè é ni?

Ní ọjọ́ kejì, mo dúró de Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀.

"Ilé ìwòsàn wo lo ti ń ṣàyẹ̀wò?" ni mo bi í.

Ojú rẹ̀ yí. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Tíṣà Àgbà, ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Mo ní níbo."

"Ṣé ojú yín ò ríran ni? Àbí ẹ fẹ́ kí n bọ́ṣọ fi hàn yín kí ẹ tó gbà?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kọ̀ láti wá. "Ẹ jẹ́ n ráyè jàre. Èèyàn á ti gba tirẹ̀ tán, wọn ò ní jẹ́ kó gbádùn ún."

Ó kọjá lára mi. Mo rí i pé báàgì náà ni ó fi ń bo ikùn, bí ẹni tó jí nǹkan gbé ní ọjà. Mo sọ lọ́kàn mi pé mo ti mú olè.

Ìpàdé olùkọ́ bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Fúráìdè. Lẹ́yìn tí Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò, mo dìde. Mo ní, "Àbúrò ti lóyún. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún. A ò kí i."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tíṣà Àgbà, ìwọ tá a jọ fa ìlà?"

"Èmi náà ni, Ọ̀gá."

"Ìlà kan, aboyún méjì," ni Baba Ìṣirò kùn sínú. "Ìṣirò yìí ò já o."

"Ẹ ẹ́ kí i," ni mo wí, ohùn tí mo fi ń bá kíláàsì kẹfà sọ̀rọ̀ ni mo fi sọ ọ́. "Ẹ dìde, kí ẹ kí i. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, jọ̀wọ́, fún un ní àga."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò dìde. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí: kò bá mi jà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Àbúrò jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ kí i, tìkọ̀tìkọ̀: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Àwọn olùkọ́ obìnrin méjì tó kù tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa kan Baba Ìṣirò, bọ́tìnnì kan já lára aṣọ Àbúrò, ó ta sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Aṣọ náà ń ga lójú wa, díẹ̀díẹ̀, bí ìyẹ̀fun tó ń wú nínú abọ́.

Èmi wẹ̀yìn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró ti ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì di síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú kó má baà bọ́ sílẹ̀. Kò ké. Ó ń wo ibi tí ikùn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn jáde, a sì gbọ́ bí géètì ṣe dún.

Lọ́jọ́ náà, mo sùn bí ẹni tó ṣe ohun rere.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò wá sí ibi iṣẹ́ fún ohun tó lé ní oṣù méjì. Àbúrò ń tóbi, ó ń dán, gbogbo wa ń kí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ tán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ kíláàsì mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó gbé ìwé méjì sórí tábìlì mi.

Àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán inú, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà. Ọmọ wà níbẹ̀, kékeré bí ẹ̀wà. Orúkọ rẹ̀ wà lókè. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i: ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a wọlé táàmù.

"O ti lóyún kí a tó kí ọ?" ni mo bi í.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ni mo fi ṣáájú Ìlà," ni ó wí. "Ọdún mẹ́wàá, Tíṣà. Mo bẹ̀rù pé tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ ẹ́ ní mi ò tò. Mo bẹ̀rù pé á wálẹ̀ bíi ti Àbúrò. Mo fi í pamọ́."

Ìwé kejì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kẹta nínú táàmù. Orúkọ rẹ̀ náà ni. Ilé ọmọ ṣófo.

"Wọ́n ní mi ò lóyún rí, pé ti àkọ́kọ́ yẹn, àṣìṣe ni. Mi ò padà lọ mọ́. Àmọ́ ẹ̀ ń kí mi, ikùn mi sì ń ga. Mo ní bóyá ó ṣì wà nítòsí, bóyá ó ṣì ń gbọ́ yín. Nígbà tó di oṣù kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára. Ó ń padà bọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán."

Ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn kan náà ni nọ́ọ̀sì sọ fún Àbúrò pé oṣù méjì ààbọ̀. Mo ṣe ìṣirò náà lórí ìka mi, mo tún un ṣe. Ó já: oyún kan náà ni.

"Mi ò bá yín jà wá," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Ẹ kàn kí mi. Ẹ̀yin nìkan tó. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kí i, wọ́n sì kí i. Ẹ kí mi lẹ́ẹ̀kan."

Nínú kíláàsì kìíní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Àbúrò bó ṣe ń to àga, wúwo, jẹ́ẹ́jẹ́. Oyún oṣù mẹ́jọ. Tí mo bá la ẹnu, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí obìnrin yẹn níbi tó dúró sí? Tí n kò bá là á, kí ni mo jẹ́? Mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè, kó dáhùn. Mo wo ilẹ̀. Mo dákẹ́. Ó dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ojú ìwé kan, lẹ́yìn náà ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ.

Àbúrò bí ọmọbìnrin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo lọ síbẹ̀. Pálọ̀ kún. Ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni tó ní kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́, ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ ilẹ̀ gbì, ìyàwó òun àtàtà ń sinmi. Mo wọ yàrá. Àbúrò wà lórí ibùsùn lábẹ́ fèrèsé, ọmọ wà lẹ́nu ọyàn.

"Ẹ̀gbọ́n! Gbogbo ayé ti kí mi, ó ku ẹ̀yin."

Mo jókòó. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí a kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, níbo lo dúró sí?"

Ẹ̀rín rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ. "Ẹ̀yìn yín. Lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ṣe àmín."

"Gbogbo wa la ṣe àmín."

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n." Ó ń wo ọmọ náà. "Ẹ̀yin ń ṣe é fún un. Èmi ń ṣe é fún ara mi. Gbogbo kíkí tẹ́ ẹ kí i, èmi ni mò ń dá yín lóhùn. Ẹkún ò jẹ́ kó lè lanu. Mo rí i pé kò dáhùn, mo bá gbà á. Mò ń rí nǹkan oṣù mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dá."

Ní àkókò yẹn gan-an ni ọmọ náà fi ọyàn sílẹ̀. Kò sunkún. Ó yí ojú sí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ ṣí, èémí rẹ̀ sì ń tín-ín-rín sí i.

"Ẹ kí mi," ni Àbúrò wí. Ó ti dìde jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí mi kíá. Ọmọ yìí ti ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ọmọ tó wà níwájú mi ni mo rò. Ti ẹni yòówù kó jẹ́, ó ti wà láyé, ó sì yẹ kó mí. Mo la ẹnu tí mo pa mọ́ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo ní, "O kú ewu ọmọ."

"Ewu iná kì í pa àwòdì," ni Àbúrò dáhùn.

"Ewu iná kì í pa àwòdì," ni ohùn obìnrin kan dáhùn ní ìta, lábẹ́ fèrèsé.

Òjìji tín-ín-rín kan kọjá lára kọ́tìnnì. Ọmọ náà fa èémí gígùn kan, ó sì la ojú. Nínú kíláàsì, bí ogún ọmọ bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, mo máa ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ohùn méjì yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí èyí tó ṣáájú.